Agbè Fọ́: Ìyá kan tí ó fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ ṣọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹta, àbúrò rẹ̀ obìnrin mú un wá sí yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lágere. Etí àga ló jókòó sí, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́ gbéra. Mo ní, "Ẹ kú àárọ̀, Màmá." Kò dáhùn. Àbúrò rẹ̀ ló bá a dáhùn, òun náà ló sì ṣàlàyé: nǹkan kan ń rìn nínú orí rẹ̀ láti ìpàkọ́ dé àtàrí, àyà rẹ̀ ń gbóná, oorun rẹ̀ kì í ju wákàtí méjì lọ lóru, ó sì ti tó oṣù mẹ́rin tí ó ti pa ìsọ̀ epo rẹ̀ ní Odò-Ògbè tì.

Ìyá Elépo ni n óò máa pè é nínú àkọsílẹ̀ yìí. Ó fún mi láyè láti kọ ọ́. Àbúrò rẹ̀ ka gbogbo rẹ̀ sí i létí kí n tó gbé e jáde, mo sì ti yí àwọn ohun tí èèyàn lè fi dá a mọ̀ padà. Nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ ni mí. Mo ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù kí n tó lọ kọ́ bí a ṣe ń fi àwòrán, orin, ijó àti iṣẹ́ ọwọ́ ran ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn lọ́wọ́.

Ìta ni àbúrò rẹ̀ ti sọ ìyókù fún mi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, àkọ́bí, ẹni ọdún 24, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn nínú oṣù Kẹwàá tó ṣáájú. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀. Ìyá kò sí níbẹ̀, wọn kò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún un, torí pé òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í sì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Àwọn tó ń wá kí i kò jẹ́ kí ó sunkún. Bí omijé bá ti yọ lójú rẹ̀, wọ́n á dì í mú: "Ó tó, ó tó, má jẹ́ kí ojú rẹ fọ́."

Ohun kan tún wà tí àbúrò rẹ̀ mẹ́nu kàn bí ẹni pé kò ṣe pàtàkì, tí n kò sì fi ọkàn sí lọ́jọ́ náà. Kí ọmọ náà tó kú, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ọjà fi ń pe ìyá rẹ̀, bí a ti ń pe ìyá gbogbo nílẹ̀ wa. Láti ìgbà tí ó ti kú, ẹnu àwọn èèyàn wúwo. Wọn kò fẹ́ dárúkọ òkú létí rẹ̀. Àwọn kan gbìyànjú láti fi orúkọ ọmọ rẹ̀ kejì pè é, kò jẹ́ wọn. Ni wọ́n bá sọ ọ́ di Ìyá Elépo. Àánú ló mú wọn ṣe é, mo mọ̀. Síbẹ̀, ọmọ lọ, orúkọ ìyá náà sì bá a lọ.

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti ra oògùn oorun ní kẹ́mìsì, wọ́n ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé àdúrà, bàbá alágbo kan sì ti sọ fún wọn pé ọdẹ orí ni. N kò bá wọn jiyàn lórí ọdẹ orí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Mákànjúọlá, oníṣègùn ọpọlọ tó padà wá di gíwá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1987: pé àwọn Yorùbá tó ń sọ pé nǹkan ń rìn lórí wọn, pé orí wọn ń gbóná, ìbànújẹ́ tàbí àìfọ̀kànbalẹ̀ ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Ara ló ń bá ọkàn sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ ti pàdánù aláìsàn rẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní.

Mo bi í ní ìbéèrè mẹ́sàn-án tí a fi ń wọn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, èyí tí a ń pè ní PHQ-9. Odo ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó parí sí 27. Tirẹ̀ jẹ́ 19. Ìbéèrè kẹsàn-án ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù láti bi ni: ṣé ó ti wá sí ọkàn rẹ̀ pé ó sàn kí òun kú? Wọ́n rò pé bí a bá bèèrè, a ti fi èrò náà sí ẹni náà lórí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa ń rí ìtura díẹ̀ tí a bá bi í. Òun gan-an ni ìbéèrè tó mú kí Ìyá Elépo kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní, "Mo kàn ń fẹ́ kí ilẹ̀ má mọ́ ni." Kò tíì gbèrò ohunkóhun. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ, ó fún un ní oògùn, a sì fẹnu kò pé ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ni oògùn náà yóò máa wà. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé aṣọ ni mo fi rọ́pò oògùn.

Ohun tí mo ṣe tí kò dára

Ọjọ́ kejì tó wá, mo tẹ́ bébà funfun sórí tábìlì, mo kó kréyọ́ọ̀nù lé e, mo ní kí ó ya bí inú rẹ̀ ti rí. Ó wò mí títí. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Ṣé jẹ́lé-ó-sinmi ni ẹ fẹ́ dá mi padà sí?" Ojú tì mí, ó sì yẹ kí ó tì mí. Ohun tí wọ́n fi kọ́ mi ni mo gbé ka iwájú rẹ̀. N kò tíì bi í léèrè ohun tí ọwọ́ tirẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe.

Ti ọ̀sẹ̀ kẹta ló burú jù. Àbúrò rẹ̀ ti sọ fún mi pé ó mọ oríkì í kì. Mo ronú pé bí ohùn bá ti lè jáde, ìbànújẹ́ á tẹ̀ lé e jáde. Mo ní kí ó ki ọmọ náà fún mi. Ó dìde, ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde láì dágbére. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni n kò fi rí i.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá tèmi nílé, láì dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó gbé ìpọnbẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló kọ́ ọ pé a máa ń ní kí ìyá ki òkú ọ̀fọ̀? Ṣé o fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọmọ náà ti lọ ni?"

Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Bí àgbà bá kú nílẹ̀ wa, ọ̀nà tí à ń gbà ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ kún fún ọnà: orin wà, ìlù wà, ijó wà, aṣọ ẹbí wà, ẹlẹ́sà àti onírárà á sì máa to oríkì ìdílé sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sun ìrèmọ̀jé fún un. Òkú ọ̀fọ̀ kò ní orin. Kò ní aṣọ. Kò ní ọjọ́ kẹjọ, kò ní ogójì ọjọ́. A ó sin ín ní kíákíá, a ó pa ẹnu dé. Mo mọ ìdí tí àwọn bàbá wa fi ṣe é bẹ́ẹ̀: wọn kò fẹ́ kí ìyá máa lọ jókòó ti sàréè títí tí òun náà á fi kú. Ààbò ni. N kò ní bú u. Ṣùgbọ́n ìyá tó mọ gbogbo ọ̀nà tí a ń gbà sunkún àwọn àgbà, tí kò ní ọ̀kan ṣoṣo tí yóò gbà sunkún ọmọ ara rẹ̀, níbo ni kí ẹkún náà gbà? Inú orí ló gbà lọ, tó ń rìn kiri níbẹ̀.

Aṣọ fèrèsé

Àbúrò rẹ̀ ló fi tipátipá mú un padà wá. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo kúnlẹ̀ ṣe é, torí pé ó tó bí mi. Lẹ́yìn náà n kò mọ ohun tí n ó tún sọ. A jókòó bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́, ó mú etí aṣọ fèrèsé mi, aṣọ aláró tí mo rà lọ́jà tí mo sì ń fi yangàn, ó fi ìka méjì nù ún, ó yí i sẹ́yìn wò.

"Èyí kì í ṣe ẹlẹ́kọ," ó ní. "Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, funfun ni. Wọ́n tàn yín jẹ."

Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Òṣogbo ìlú aró ni wọ́n bí i sí. Aláró ni ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya aṣọ láti kékeré kí ó tó wá lọ́kọ ní Ifẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti fọwọ́ kàn án mọ.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ, òun di ọ̀gá, èmi di ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Mo ra yáàdì márùn-ún aṣọ funfun, ó gé e sí méjì ọgbọọgba, bí wọ́n ti ń ṣe ìró ẹlẹ́kọ: méjì ni wọ́n ń yà, tí wọ́n á wá rán pọ̀. Ó ní kí n po láfún, kí n fi álọ́ọ̀mù sí i, kí n sè é di ẹ̀kọ. Ó da àkọ́kọ́ nù torí pé ó ní kókó. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí n jọ̀ ọ́. Nígbà tí ó tó ṣeé fi yàwòrán, ó mú ìyẹ́ lọ́wọ́ mi, ó fi ahọ́n tọ́ orí rẹ̀ wò, ó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọnà àtijọ́ ló ń yà: ojú igun mẹ́rin lórí ojú igun mẹ́rin, ewé, ẹyẹ, àwọn ọwọ́n inú ọnà tí à ń pè ní Ìbàdàndùn. N kò bi í ní ìtumọ̀ ìkankan. Òfin iṣẹ́ náà nìyẹn, òun ló sì ṣòro jù fún nọ́ọ̀sì: má ṣe túmọ̀ ohun tí aláìsàn yà, má ṣe sáré tù ú nínú, jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ṣáájú ẹnu rẹ̀. Àmì tí mo rí ni mò ń kọ sílẹ̀. Èjìká rẹ̀ ti rọ̀. Ó ti ń mí kanlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, ó gbàgbé pé omi ń hó lórí iná, wákàtí kan àbọ̀ sì kọjá tí kò fọwọ́ kan orí rẹ̀ rárá.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí a bẹ̀rẹ̀ aṣọ, ó fi àárín aṣọ sílẹ̀ láìyà, ibi tí ó fẹ̀ tó ọpọ́n. Ó jókòó tì í pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ya agbè kan síbẹ̀, agbè ńlá, ọrùn gígùn, ó rọra fi ẹ̀kọ kún inú rẹ̀ dẹ́nudẹ́nu. Ó dúró kí ó gbẹ. Bí ó ti gbẹ tán, ó di ibẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì fún un. Ẹ̀kọ tó gbẹ náà sán káàkiri.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe pé ó ti bà á jẹ́. Ẹni tó bá mọ ẹlẹ́kọ mọ̀ pé ibi tí ẹ̀kọ bá bò ni aró kì í wọ̀. Tó bá sán, aró á gba ojú sísán náà wọlé, ilà dúdú á sì wà níbẹ̀ títí ayé. Òun mọ̀ ju mi lọ.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, gbogbo ẹni tó wá kí mi, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Pé n ó tún bí òmíràn. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Pásítọ̀ sọ ọ́. Ìyá ọkọ mi sọ ọ́. Mo ń dáhùn pé àmín." Ó fi ọwọ́ lé agbè náà. "Agbè fọ́."

Ó sì sunkún. Ó sunkún débi tí àbúrò rẹ̀ fi sáré wọlé láti ìta. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu èmi náà, "ó tó, Màmá, ó tó." Mo gbé e mì. Mo na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀ kí ó má dá a dúró, ó yé e, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́.

Àwọn ẹbí ọkọ

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ gbọ́ pé ìyàwó àwọn ń ya aṣọ nítorí òkú. Ó wá bá mi, ó bínú, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè. Ìbéèrè méjì ló ní: ṣé kì í ṣe òkú ni a ń pè yẹn, ṣé kì í sì í ṣe àṣà òyìnbó ni mo fẹ́ fi ṣe ìyàwó wọn ní wèrè?

Lórí ti àkọ́kọ́, mo ní kí ó bi ìyàwó wọn fúnra rẹ̀. Lórí èkejì, mo ní àlàyé. Òótọ́ ni pé Adrian Hill, ayàwòrán ará Ìlú Ọba kan, ló fún iṣẹ́ yìí ní orúkọ ní 1942, lẹ́yìn tí yíyà àwòrán ti ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ gbé e dè. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni láwọn ọdún 1970 pé kí a má dúró sórí ọnà kan, kí aláìsàn lè ti inú àwòrán bọ́ sí orin, kó ti inú orin bọ́ sí ijó. Ṣùgbọ́n láwọn ọdún 1950, Ulli Beier, ọmọ Jámánì kan tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa, ti ń fún àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Lantoro, ní Abẹ́òkúta, ní bébà àti ọ̀dà. Ní Abẹ́òkúta náà, láti 1954, Dókítà Adéoyè Lambo gba àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò láyè láti gbé láàárín ìlú pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba aláìsàn kankan wọlé láìsí ẹbí rẹ̀ kan. Àjọ ìlera àgbáyé kó ìwádìí tó ju 3,000 lọ jọ ní 2019 lórí ohun tí ọnà ń ṣe fún ìlera, wọ́n sì rí i pé ó ń ṣèrànwọ́. Mo sì sọ fún un pé òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní 2023 dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó ń gba ìtọ́jú, kò dà bí ti 1958 tí ó rọ́pò.

N kò rò pé èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí ló yí i lọ́kàn padà. Ọkọ Ìyá Elépo ló yí i padà. Ó ti wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó fà aṣọ náà mọ́ra, ó fi ìka tọ ojú sísán agbè náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀." Nígbà tí mo sìn wọ́n jáde, ó rọra sọ fún mi pé òun náà kì í sùn. Ó wá sọ́dọ̀ mi nígbà méjì lẹ́yìn náà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò wá mọ́, kò sì gbà kí n wá bá òun nílé. Ó dùn mí títí di òní.

Òṣogbo

Aṣọ tí a kò tíì rẹ sínú aró kò tíì parí, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣọ́ra jù. Kọ́síìkì sódà ni ọ̀pọ̀ aláró ń lò báyìí. Oògùn tó ń jóni lára ni, tó sì lè pani bí a bá gbé e mì. N kì í jẹ́ kí ó wọ yàrá tí ẹni tó sọ pé kí ilẹ̀ má mọ́ wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi àdìrẹ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó fi èyí sọ́kàn ju ohunkóhun mìíràn lọ. Dípò bẹ́ẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ láyé àtijọ́. Ọwọ́ aláró náà ni gbogbo oògùn wà.

Wọ́n ki aṣọ bọ inú ìkòkò. Nígbà tí wọ́n fà á yọ, àwọ̀ ewé ló ní. Ìyá Elépo gbé e sókè sí afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá, àwọ̀ náà sì ń yí padà lójú wa, ó ń di aró díẹ̀díẹ̀ láti etí wọnú. Wọ́n tún ki aṣọ náà bọ inú aró. Wọ́n tún gbé e sókè. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ara rẹ̀ ti ń tẹ̀ lé iṣẹ́ náà, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń nàró, aláró náà sì dá orin iṣẹ́ tí wọ́n jọ mọ̀. Ó gbè é. Orin náà tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró. Láàárín ẹsẹ̀ yẹn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti oríkì àbísọ, ó bọ́ sí orílẹ̀, ó bọ́ sí ohun tí kì í ṣe ti ìran kankan bí kò ṣe tiwọn méjèèjì: oúnjẹ tó fẹ́ràn, bí ó ti máa ń gba àgbá epo lórí rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe é. Mo kọ àwọn gbólóhùn kan sílẹ̀ nínú ìwé mi, tiwọn ni, n kò ní gbé wọn síbí.

A fọ ẹ̀kọ kúrò lọ́jọ́ kejì. Agbè náà jáde ní funfun, ojú sísán rẹ̀ dúdú kedere.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, PHQ-9 rẹ̀ wá sí 13. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, 7 ni. Oògùn wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tó ń gorí ọjọ́ wà nínú rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tí kò fi í sílẹ̀ wà nínú rẹ̀. N kò lè yọ ọ̀kan kúrò kí n ní òun ló ṣe é. Nǹkan inú orí náà ṣì máa ń rìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá lóṣù Kẹwàá. Kò tíì gba ọ̀nà Ìbàdàn láti ìgbà náà.

Ó ti ṣí ìsọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí a jọ jókòó kẹ́yìn, ó gbé ìgò epo kan wá fún mi, ó sì ró aṣọ náà, ó rán àbọ̀ méjèèjì pọ̀, agbè wà ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Mo ní, "Ẹ kú àárọ̀, Màmá."

Ó ní, "Mo ti sọ fún wọn ní Odò-Ògbè. Ẹ̀yin náà, ẹ pè mí ní orúkọ mi." Ó sì dárúkọ ọmọ rẹ̀.

Mo fi orúkọ náà pè é. Ó jẹ́ mi.